Òkú Tí A Lẹ̀ Mọ́ Ògiri Ìdèrè

Sátidé, 4 Oṣù Kẹwàá

A ti pín iṣẹ́. Eré mẹ́ta la óò ṣe kí ọdún tó parí: apanilẹ́rìn-ín lóṣù yìí, eré olórin lóṣù tó ń bọ̀, èyí tó le koko ní Oṣù Kejìlá. Àwọn kan ní ẹgbẹ́ òṣèré tó ń yá àga jókòó kò yẹ kó dá irú èyí láṣà. Mo ní kí wọ́n máa wò wá.

Àyàndélé ló gba ipò Olóyè Dìwómú, ahun tó díbọ́n pé òun kú kí ó lè mọ ẹni tí yóò sunkún òun. Kò sí ẹlòmíràn tó lè ṣe é. Iṣẹ́ télọ̀ ló ń ṣe nídìí ọjà, ṣùgbọ́n bó bá kàn wọlé tó ń wá bàtà rẹ̀ kiri, èèyàn á rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn ìpàdé, ó fà mí sí kọ̀rọ̀.

"Àǹtí Wúrà, ìyá mi ò gbọdọ̀ gbọ́ pé mo fẹ́ ṣe òkú o. Ẹ mọ̀ pé èmi nìkan ló kù fún wọn."

Mo mọ̀. Ọmọ mẹ́rin ni obìnrin yẹn bí, ó ti sin mẹ́ta. Mo ní ta ni yóò gbéra láti Ìgbó-Ọrà lọ rò fún un ní Ìdèrè? Ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Òjò ń rọ̀ títí a fi túká.

Túsìdeè, 7

Káfíńtà kọ̀, kò ṣe pósí fún wa. Ó ní òun kì í wọn alààyè fún pósí, bí mo bá fẹ́ kí òun wọn ọ́n, kí ọkùnrin náà kọ́kọ́ kú. Mo ní bó bá kú, ta ni yóò wá ṣeré? Ó ní ìyẹn ò kan òun. Mùstàfá tó ń bójú tó iná àti jẹnẹrétọ̀ wa ló wá kan pákó ilẹ̀kùn àtijọ́ pọ̀. Ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é tóbi débi pé èèyàn méjì lè nà sínú rẹ̀, kó má baà dà bí ẹni pé ó wọn ẹnikẹ́ni. Àyàndélé yí i ká, ó bọ́ bàtà, ó tún wọ̀ ọ́ padà, ó sọ sókè pé òun ń lọ òun ń bọ̀ o, kó tó ki ẹsẹ̀ kan bọ̀ ọ́. Keturah tó ń ṣe ìyàwó rẹ̀ nínú eré rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Tọ́sìdeè, 9

Ọgbọ́n kan sọ sí mi lọ́kàn ní ọ́fíìsì. Pósítà òkú ni ká fi polówó eré wa! Fọ́tò Àyàndélé láàrin, àbẹ́là lọ́tùn-ún lósì, "Ó dìgbóṣe", Olóyè Dìwómú, ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́rin, ìsìnkú ní gbọ̀ngàn ìlú Ìgbó-Ọrà, Sátidé 25, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Kí á wá kọ "Eré apanilẹ́rìn-ín" gàdàgbà sísàlẹ̀. Mo ti fi ránṣẹ́ sí Ọ̀gbẹ́ni Ọmọ́túndé tó ń tẹ̀wé ní Èrúwà. Mo ń yin ara mi láti àárọ̀.

Túsìdeè, 14

Háà! Mo jókòó, mo dìde, mo tún jókòó.

Pósítà ti dé, Ọmọ́túndé sì ti bá mi tún un ṣe. Ó rí ojú ọ̀dọ́kùnrin, ó rí márùndínlọ́gọ́rin, ó ní àṣìṣe nìyẹn, ó sọ ọ́ di márùndínlógójì. Ó ní "Ó dìgbóṣe", ti àgbàlagbà tó jẹun kánú ni, ó fi "Ó mà ṣe o!" rọ́pò rẹ̀. "Eré apanilẹ́rìn-ín" tí mo kọ, kò sí níbẹ̀ rárá. Mo pè é lórí fóònù.

"Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ ṣe báyìí?"

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o, màdáámù. Ọlọ́run á tù yín nínú. Mo rí ọ̀rọ̀ eré tẹ́ ẹ kọ síbẹ̀, mo mọ̀ pé ìbànújẹ́ ló fà á. Èèyàn kì í fi òkú ọ̀dọ́ ṣẹ̀fẹ̀, mo ti bá yín yọ ọ́. Ẹ ò tiẹ̀ ní sanwó inki, ẹ jẹ́ kí n fi bá yín kẹ́dùn."

Inki ló fi bá wa kẹ́dùn! Mo fẹ́ bínú, ẹ̀rín ò jẹ́. A ò lágbára àtitẹ òmíràn. Mo ní kí Mùstàfá fi ọ̀dà pupa kọ ERÉ NI O sára gbogbo wọn, kó lẹ̀ wọ́n káàkiri títí dé Ìdèrè àti Lanlate. Ó bu omi sí ìṣẹ́kù ọ̀dà kan tó wà nílé rẹ̀ kó lè tó. Nírọ̀lẹ́, ó ní òun ti parí.

Fúráìdè, 17

Òjò láàná, òjò lónìí, bí ẹni pé wọ́n ní kò gbọdọ̀ rọ̀ mọ́ láyé. Omi wọ gbọ̀ngàn. A gbé pósí gun orí tábìlì.

Mọ́ńdè, 20

Epo jẹnẹrétọ̀ ti tún wọ́n sí i. Kí n má tiẹ̀ kọ iye tí wọ́n ń tà á, kó má baà bà mí nínú jẹ́ bí mo bá tún kà á.

Àyàndélé wá bá mi, ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì. Ó pe fóònù ìyá rẹ̀ lánàá, ìyàwó bàbá rẹ̀ kékeré ló gbé e. "Mo ní, 'Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ mà, Àyàndélé ni.' Wọ́n fi igbe ta, yéè! Fóònù kú. Àtìgbà yẹn, kò wọlé mọ́." Mo ní nẹ́tíwọ̀kì ni, tàbí kó jẹ́ pé eku ló gba orí ẹsẹ̀ obìnrin náà kọjá. Ó fẹ́ sáré dé Ìdèrè wò ó. Mo ní kò sí ibi tó ń lọ, eré ti dé tán, kò sì tíì mọ apá kejì dáadáa. Ó gbọ́ tèmi.

Sátidé, 25

 Kí n rọra kọ ọ́.

Gbọ̀ngàn kún, èèyàn rọ̀ mọ́ fèrèsé. Níwájú, àwọn àgbàlagbà kan tí mi ò mọ̀ rí jókòó, aṣọ dúdú lọ́rùn wọn. Keturah ń sunkún ẹ̀tàn lórí pósí, ó ń fi ìparí gèlè nu imú, gbogbo ilé ń rẹ́rìn-ín. Àwọn yìí ò rẹ́rìn-ín. Obìnrin kan láàrin wọn tiẹ̀ ń sunkún tòótọ́, èjìká rẹ̀ ń mì. Mo fi ìgúnpá gún Mùstàfá, mo ní, "Wò ó, eré yìí ti wọ̀ wọ́n lára."

A wá dé ibi tí Olóyè Dìwómú ti gbọ́ nínú pósí pé ìyàwó òun fẹ́ ta ilé. Àyàndélé ti ìdérí sókè, ó dìde jókòó, ó ní, "Ilé wo?"

Mi ò gbọ́ irú igbe bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Bàbá kan gba ojú fèrèsé jáde tòun tọ̀pá ìtilẹ̀. Obìnrin tó ń sunkún ṣubú yakata, ó ń lọgun, "Àyàndélé, má wò mí o! Mi ò ṣe ọ́ ní nǹkan kan!" Àwọn yòókù rọ́ lu ara wọn lẹ́nu ọ̀nà, ẹnìkan gbé àga wa sá lọ. Àwọn ará Ìgbó-Ọrà rò pé gbogbo rẹ̀ wà nínú eré, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń fẹsẹ̀ kilẹ̀, wọ́n ní a ò ṣe irú rẹ̀ rí. Àyàndélé nìkan ni kò ṣeré mọ́. Ó dúró sínú pósí, ó ń wo obìnrin tó wà nílẹ̀.

"Àǹtí Wúrà," ó pè mí lójú gbogbo ayé, "ìyàwó bàbá mi kékeré nìyẹn."

Sọ́ńdè, 26

Bàbá Ògúndìran wá bá wa láàárọ̀, ó ń tiro. Òun ni àbúrò bàbá Àyàndélé, òun náà ló gba fèrèsé jáde lánàá. Ó kọ́kọ́ ní kí Àyàndélé jẹ iyọ̀ lójú òun, ó jẹ ẹ́, ó tún ní kó rìn lọ rìn bọ̀. Ìgbà yẹn ló tó jókòó, tó yọ pósítà wa láti inú àpò. Wọ́n tú u lára ògiri ibùdókọ̀ Ìdèrè. ERÉ NI O ti ṣàn lọ pẹ̀lú òjò. Ohun tó kù ò ju ìlà pupa kan tó ṣàn gba àyà Àyàndélé.

"A ní bóyá jàǹbá ọkọ̀ ni," Bàbá Ògúndìran sọ, "nítorí ẹ̀jẹ̀ yìí."

Mo fi ọwọ́ méjèèjì di ẹnu. Èmi ni mo sọ pé títí dé Ìdèrè. Mo ṣí ìwé yìí padà wò, ọwọ́ mi náà ló kọ ọ́. Ọ̀rọ̀ tí ọmọ náà bá mi sọ ní kọ̀rọ̀ ti fò lọ lórí mi pátápátá.

Mo bèèrè ohun tí wọ́n sọ fún ìyá rẹ̀.

"A sọ fún ìyá? Wúràọlá, ṣé ìlú òyìnbó ni wọ́n ti bí ọ ni? Ta ní ń túfọ̀ ọmọ fún ìyá tó bí i? A gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, a ní wọ́n ń bá a tún un ṣe, kí aláìmọ̀kan kan má baà pè é. Àwọn obìnrin ilé ń pín ara wọn sùn tì í. Wọ́n ń bá a gbálẹ̀, wọ́n ń bá a dáná, wọn ò jẹ́ kó lọ sọ́jà. Kò bèèrè nǹkan kan lọ́wọ́ wa."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ sọ fún wọn báyìí pé ó wà láàyè."

Ó wò mí pẹ̀lú àánú. "A ò sọ pé ó kú. Kí wá ni ká lọ sọ pé kò ṣe?"

 Àyàndélé gun ọ̀kadà tẹ̀ lé e lọ. Ìrọ̀lẹ́ ló dé, ara rẹ̀ yá. Ó ní ìyá òun gúnyán fún òun, ó ń wo òun bí òun ṣe ń jẹ ẹ́, kò tilẹ̀ bá òun jà pé òun ò yọjú láti ọjọ́ yìí. Àwọn obìnrin tó ń sùn tì í ti kó ẹní wọn lọ, ojú ń tì wọ́n. Ọlọ́run ṣeun, ọ̀rọ̀ náà ti parí.

Wẹ́sìdeè, 5 Oṣù Kọkànlá

Kò sí òjò mọ́, eruku ti dé. Ìgbáradì eré olórin ò lọ geere. Àyàndélé ló yẹ kó máa léwájú orin, ṣùgbọ́n bí ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ bá ti dé, á ní òun ń lọ Ìdèrè. Mo bú u. Mo ní ọkùnrin tó ti ń hewú nírùngbọ̀n, ṣé ọmú ló ń lọ mu?

"Àǹtí, bí mi ò bá lọ, ìyá mi kì í sùn. Ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ń mú mi gbà wọlé, wọn á sì ti ilẹ̀kùn. Wọn ò pe orúkọ mi mọ́. Àlejò mi ni wọ́n ń pè mí."

"Wọ́n ń fi ọ́ ṣẹ̀fẹ̀ ni."

"Bóyá." Kò rẹ́rìn-ín.

Mo gbé orin rẹ̀ fún Tóbilọ́ba, ọ̀dọ́ kan nínú ẹgbẹ́ wa. Kí Ọlọ́run dárí jì mí. Ohùn ọmọ náà ga, àmọ́ orin ò sí níbẹ̀.

Sọ́ńdè, 9

Mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ kọ èyí.

Mo ra búrẹ́dì àti mílíìkì, mo lọ kí Ìyá Àyàndélé kí n lè tọrọ àforíjì. Ó jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé, ó fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn. Mo ti mọ̀ ọ́n tipẹ́, obìnrin tó lára ni. Egungun ọrùn rẹ̀ ti yọ síta báyìí. Mo kúnlẹ̀.

"Mà, èmi ni Wúràọlá, èmi àti Àyàndélé la jọ ń ṣeré. Mo wá bẹ̀ yín nítorí pósítà—"

Ó fọwọ́ bò mí lẹ́nu. "Rọra. Ó ń sùn nínú ilé."

Ó fà mí jìnnà sí ilẹ̀kùn, títí dé ìdí igi òroǹbó, síbẹ̀ ojú rẹ̀ ò kúrò níbẹ̀. Ohùn jẹ́jẹ́ ló fi ń sọ̀rọ̀.

"Mo rí i. Nígbà tí wọ́n ní kí n má lọ sọ́jà, mo yọ́ gba ẹ̀yìn jáde. Mo rí ojú ọmọ mi lára ògiri pẹ̀lú àbẹ́là. Mi ò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ta ni kò mọ ìwé yẹn? Mo padà sílé. Wọ́n ń fi pamọ́ fún mi, èmi náà ń fi pamọ́ fún wọn, kí wọ́n lè ráyè jẹun."

"Mà, kò sí ohun tó—"

"Gbọ́. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè kan, mo gbọ́ 'Ẹ kú ilé, Ìyá mi.' Mo bojú wẹ̀yìn, òun ni. Ọmọ mi tó ti kú. Àwọn mìíràn máa ń lọ sí ìlú tó jìnnà, wọn a dá ilé sílẹ̀ níbẹ̀, wọn a fẹ́yàwó. Tèmi ò lọ jìnnà. Ọ̀dọ̀ mi ló wá." Ó di ọwọ́ mi mú. "Bí ẹni tó mọ̀ ọ́n bá pe orúkọ rẹ̀ lójú rẹ̀, bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ ikú sí i létí, á mọ̀ pé a ti mọ̀. Á sì lọ. Ìdí tí mo fi ń ti ilẹ̀kùn nìyẹn."

 Àkúdàáyà! Ọmọ tí mo rí lánàá tó ń bá Keturah jà nítorí góòlù méjì nínú bọ́ọ̀lù, ìyá rẹ̀ ló kà á sí àkúdàáyà.

"Mà, mo fi Ọlọ́run búra, eré ni. Ó ń mí, ó ń jẹun."

"Wọ́n máa ń jẹun. Ṣé o bímọ?"

"Méjì, mà."

"Bí ọ̀kan bá kú, tó tún ṣílẹ̀kùn wọlé wá bá ọ, ṣé wàá bi í pé ṣé òun ni?"

Búrẹ́dì ni mo nà sí i. Ó gbà pé mo ti gbà. Ó tọrọ ohun kan péré lọ́wọ́ mi, pé bí mo bá ń bá a ṣiṣẹ́, kí n má jẹ́ kó mọ̀. Ó dúpẹ́ búrẹ́dì, ó padà lọ jókòó sẹ́nu ilẹ̀kùn rẹ̀.

Mọ́ńdè, 10

Mo sọ fún Àyàndélé ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ó gbé orí lé ẹ̀rọ ìránṣọ, kò sì gbé e sókè mọ́. Mo bá a lé oníbàárà méjì lọ.

Wẹ́sìdeè, 12

Àyàndélé gbìyànjú àtisọ fún ìyá rẹ̀ lánàá. Kò tíì sọ ju "Ìyá mi, mi ò kú" lọ tí obìnrin náà fi dákú mọ́ ọn lọ́wọ́. Nígbà tó jí, ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó má lọ, òun ò mọ nǹkan kan, òun ò gbọ́ nǹkan kan. Àyàndélé ní òun ò tún sọ ọ́ mọ́ láyé.

A ṣèpàdé lórí rẹ̀. Keturah ní ká pe pásítọ̀ òun. Mùstàfá ní ká jẹ́ kí ààfáà wẹ̀ ẹ́. Bàbá Ògúndìran ní ètùtù kan wà, ewúrẹ́ kan ló máa gbà. Mo pariwo mọ́ wọn. Gbogbo wọn fẹ́ lé òkú tí kò kú! Bí wọ́n bá kó agogo àti omi wọlé, kí ni obìnrin yẹn yóò rò ju pé wọ́n wá lé ọmọ rẹ̀ lọ?  A pín ẹ̀pà jẹ, a túká.

Sátidé, 15

Eré olórin ti kọjá. Tóbilọ́ba ṣì í lẹ́ẹ̀mejì, Keturah gba orin náà lẹ́nu rẹ̀, ó sì gbé e délé. Wọ́n ná wa lówó lórí. Mi ò gbádùn rẹ̀.

Fúráìdè, 28

Mo tún lọ Ìdèrè. Obìnrin náà ti gbẹ bí igi. Ó ń bu oúnjẹ tirẹ̀ fún Àyàndélé, ó ń sùn lórí ìjókòó ní ẹnu ilẹ̀kùn, bí ewúrẹ́ bá fara kan ògiri, á ta gìrì. Nọ́ọ̀sì tó yẹ̀ ẹ́ wò ní bó bá ń bá a lọ báyìí, kò ní rí ọdún tuntun.

Àyàndélé sin mí dé ibùdókọ̀. Ó ní bí eré Oṣù Kejìlá bá ti parí, òun ò ṣeré mọ́. Mo fẹ́ bá a jà, àmọ́ kí ni mo fẹ́ sọ?

"Mo wà lójú wọn, Àǹtí. Mo ń fọ abọ́ fún wọn, mo ń pọn omi. Wọ́n sì ń sunkún mi bí mo bá yíjú. Èwo ni kí n ṣe tí màá fi yè?"

Mo sunkún nínú ọkọ̀. Awakọ̀ bi mí pé ta ló kú.

Wẹ́sìdeè, 10 Oṣù Kejìlá

Ọyẹ́ mú gan-an, ètè gbogbo wa ti là. Ọjọ́ kẹta rèé tí Àyàndélé ò tíì lọ Ìdèrè. Ibà ló dá a wó, mo sì ní kó sùn sílé mi kó lè rí agbára ṣeré lọ́jọ́ Sátidé. A ránṣẹ́ sí Bàbá Ògúndìran kó sọ fún ìyá rẹ̀ pé ara ni kò dá. Ó ní òun ti sọ fún un, ìyá náà kàn mi orí.

Sátidé, 13

Ilẹ̀ ti ṣú. Mo fẹ́ kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà bá mi fi iyọ̀ sí i.

Ọdẹ ni Àyàndélé nínú eré yìí, ọdẹ tí wọ́n fẹ̀sùn kàn pé ó yìnbọn pa ọ̀rẹ́ rẹ̀. A dé ibi tó dúró níwájú ọba, tí wọ́n ní kó jẹ́wọ́ tàbí kó fi ìlú sílẹ̀. Àwọn èèyàn wa kì í pe orúkọ tí a bá fún èèyàn nínú eré. Obìnrin kan ló bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn, "Àyàndélé, má gbà o!" Ni gbogbo ilé bá gbà á. "Àyàndélé, sọ òótọ́! Àyàndélé, dúró o!" Gbọ̀ngàn ń mì tìtì. Mo ń rẹ́rìn-ín músẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ ìtàgé.

Igbe kan wá gba àárín rẹ̀ kọjá.

"Ẹ má pè é! Ẹ̀yin èèyàn yìí, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má pe orúkọ rẹ̀!"

Ìyá rẹ̀ ni. Orí rẹ̀ ṣí sílẹ̀, eruku ọ̀nà Ìdèrè bò ó títí dé ìpéǹpéjú. Ó ti ń wá ọmọ rẹ̀ kiri Ìgbó-Ọrà láti ọ̀sán, pé ó ti lọ, pé ẹnìkan ti sọ ọ́ létí rẹ̀. Àwọn èèyàn yà fún un. Ariwo rọlẹ̀. Ó dé àárín gbọ̀ngàn, ó dúró, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú. Èmi nìkan pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ wa ló mọ ohun tó ń retí. Ó ń dúró kí ọmọ rẹ̀ di òfuurufú.

 Àyàndélé gbé ìbọn onígi rẹ̀ sílẹ̀, ó sọ̀kalẹ̀, ó rìn wá títí ó fi dé iwájú rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀.

Ìyá náà ṣí ìka kan, ó yọjú wò ó.

"Wọ́n pè ọ́," ó ní.

"Wọ́n pè mí, mà."

"Gbogbo wọn."

"Gbogbo wọn, mà."

"O ò lọ."

"Ibo ni kí n lọ, Ìyá mi?"

Ó wo gbogbo wa yíká, bí ẹni tó ń wá ẹni tí yóò tàn án. Ó gbé ọwọ́ kúrò lójú. Ó wá pè é.

"Àyàndélé."

"Mà."

"Àyàndélé, Àkànní."

"Mà."

Ó ní kó dìde. Ó fọwọ́ kan etí rẹ̀, ó fọwọ́ kan èjìká rẹ̀. Ó wá gbá a létí, pàá! tí gbogbo ilé fi kígbe.

"O wà láyé! O wà láyé, mo wá ń yọ́ rìn nínú ilé ara mi! Mo ń fi ọ́ pamọ́ fún àwọn tó ń kí ọ lójú títì!" Ó ń lù ú láyà, ó ń lù ú, Àyàndélé ò gbé ọwọ́ dí i. Nígbà tí agbára rẹ̀ tán, ó fi iwájú orí ti àyà ọmọ náà, igbe tó ti gbé mì láti Oṣù Kẹwàá wá jáde. Ẹkún òkú ni, mo mọ̀ ọ́n bí mo bá gbọ́ ọ. Ó sunkún ọmọ rẹ̀ ní àyà ọmọ rẹ̀.

A rò pé ó ti parí. Keturah ti mú omi wá. Ni ìyá náà bá gbé orí sókè, ó kọjú sí ẹnu ọ̀nà, ó ní, "Ọ̀ṣúndáre."

Mi ò kọ́kọ́ mọ ẹni tó ń pè. Bàbá Ògúndìran tó ti sáré tẹ̀ lé e wá ló ṣí fìlà, tó bojú wolẹ̀. Àkọ́bí ìyá náà tó ti kú ni. Ó dúró díẹ̀, ó tẹ́tí. "Ògúnwùmí," ó ní, ó tún tẹ́tí. "Àyàntọ́lá." Ó ń wo ẹnu ọ̀nà bí ẹni tí kò dá lójú mọ́ pé ohun tí wọ́n sọ fún òun ní gbogbo ọdún yìí, òótọ́ ni.

 Kò sẹ́ni tó sọ fún Àyàndélé pé èèwọ̀ ni. Lẹ́yìn orúkọ kọ̀ọ̀kan, òun ló ń rọra dáhùn, "Mà."